Exp lásán, E₃, H, tàbí X àti Y: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ mú fún ìtànṣán inú òfuurufú?

Òkun o, ẹ̀yin ará wa, àti ẹ̀yin àbúrò tó ń ka físíìsì, mátíìsì tàbí ìmọ̀ ojú ọjọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣírò bí ìtànṣán oòrùn ṣe ń wọ inú òfuurufú, bó ṣe ń túká níbẹ̀, àti iye tó padà jáde, á rí i pé fọ́ńṣọ̀n tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù, exp wà ńbẹ̀, E₁ E₂ E₃ wà ńbẹ̀, H àti X àti Y wà ńbẹ̀, Chapman wà, Rayleigh wà, Henyey-Greenstein wà, Voigt náà wà, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un pé èyí ni kó mú. Ọ̀pọ̀ á kàn mú èyí tó kọ́kọ́ rí nínú nóòtì, á fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀. Ìyẹn dùn mí, torí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, dátà wọn dáa, fọ́ńṣọ̀n tí wọ́n mú ni ò bá ìbéèrè wọn mu.

Ìbéèrè méjì péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Àkọ́kọ́: ìmọ́lẹ̀ wo lẹ̀ ń wá, ṣé èyí tó wá tààrà láti ojú oòrùn ni àbí èyí tó ti túká nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín? Èkejì: ìpele afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣírò, ṣé ó ní ìsàlẹ̀ ni àbí kò ní? Èkejì yìí ni àwọn èèyàn kì í bèèrè, òun gan-an ló sì ń yà H sọ́tọ̀ sí X àti Y.

Exp lásán: ó dáa, àmọ́ ojú oòrùn nìkan ló mọ̀

exp(−τ/μ), ìyẹn ìdá ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó la afẹ́fẹ́ kọjá tààrà láìyà, ni gbogbo wa kọ́kọ́ kọ́. Bouguer ló kọ́kọ́ rí i ní 1729, Lambert kọ ọ́ ní 1760, Beer fi tiẹ̀ kún un ní 1852. Tau (τ) ni nọ́ńbà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe nípọn tó fún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan, μ sì ni cosine igun tí oòrùn fi kúrò ní àárín orí wa.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ ọyẹ́ kan ní Kàbà, oṣù kìíní, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tí oòrùn wà ní 60 dígírì sí orí wa, tí eruku sì gbé τ dé 1. Kì í ṣe àsọdùn o, ẹ̀rọ AERONET tó wà ní Ìlọrin níbí, tó ti ń wọn eruku ojú ọ̀run láti 1998, máa ń rí τ tó ju 1 lọ nígbà ọyẹ́, torí eruku tó ń gbéra láti Bodélé ní Chad orí wa ló ń gbà kọjá. μ jẹ́ 0.5, ó di exp(−2), ìyẹn 0.135. Ìdá 13 àbọ̀ nínú 100 ló dé ilẹ̀.

Ó dáa, àmọ́ ẹ jáde síta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣé ilẹ̀ ṣú tó bẹ́ẹ̀? Rárá. Ojú ọ̀run funfun, ó mọ́lẹ̀ débi pé ó ń ta yín lójú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà ni exp ń kà sí ohun tó sọnù. Ó dà bíi kẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà kan kẹ́ ẹ máa ka àwọn tó bá gba àárín ọjà kọjá tààrà láìyà síbì kankan, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tó yà sídìí àtẹ ti kú. Wọn ò kú, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Tí a bá rò pé eruku yẹn ò fa ìmọ́lẹ̀ mu rárá, tí a sì ka gbogbo èyí tó túká tó sì tún dé ilẹ̀, bí ìdá 75 nínú 100 ló dé ilẹ̀ lápapọ̀. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín 13 àti 75, afẹ́fẹ́ kan náà, oòrùn kan náà!

Nítorí náà, ìgbà wo ni exp tó? Ó tó tí ẹ̀rọ yín bá ń wo ojú oòrùn tààrà. Ẹ̀rọ Ìlọrin yẹn gan-an, exp ni wọ́n fi ń mú τ jáde nínú ohun tó wọ̀n, wọn ò sì ṣẹ̀, torí ihò kékeré tó dojú kọ oòrùn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì lórí sólà, tẹ́ ẹ fẹ́ mọ ìdí tí páńẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ní Mopa tàbí Ìyàrà fi ń lọ sílẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi exp nìkan ṣe é. Páńẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ pẹrẹsẹ ń gba ìmọ́lẹ̀ láti gbogbo ojú ọ̀run. Tẹ́ ẹ bá lo exp lásán, ẹ máa di ẹ̀bi ru eruku inú afẹ́fẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ò sì ní rí èyí tó fà á gan-an, bí eruku tó bà lé orí gíláàsì páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, tí aṣọ tútù lè nù kúrò.

Nígbà tí oòrùn bá ti fẹ́ kan ilẹ̀: 1/μ tàbí Chapman

Èyí ò ní pẹ́. 1/μ inú exp yẹn rò pé ilẹ̀ ayé tẹ́jú. Tí oòrùn bá wà lókè kò sí wàhálà, ní 75 dígírì 1/μ jẹ́ 3.86, fọ́múlà Kasten àti Young ti 1989 tó ka yíyípo ayé mọ́ ọn sì fún wa ní 3.81, ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan. Ní 85 ó ti di 11.5 sí 10.3. Ní 90 dígírì gan-an, nígbà tí oòrùn ń yọ, 1/μ kò ní òpin mọ́, èyí tí kò lè jẹ́ òótọ́ torí a ṣì ń rí oòrùn.

Fọ́ńṣọ̀n tí Sydney Chapman gbé jáde ní 1931 ló tún ìyẹn ṣe. Ó ka ayé sí rogodo, ó sì gbà pé afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ bí a bá ṣe ń gòkè. Tẹ́ ẹ bá ní ayé jẹ́ 6371 km láti àárín rẹ̀ sí ojú ilẹ̀, tí gíga tí afẹ́fẹ́ fi ń dín kù sì jẹ́ 8 km, ẹ pín ọ̀kan sí èkejì, ẹ máa rí bíi 796, ohun tí Chapman máa sọ ní 90 dígírì á sún mọ́ root (π × 796 ÷ 2), ìyẹn bíi 35. Kasten àti Young ní bíi 38, torí pé wọ́n tún ka bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ wọ̀. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ òkè réré, ozone tàbí ionosphere, lẹ̀ ń ṣe, Chapman ni kẹ́ ẹ mú torí ẹ lè yí gíga yẹn padà bó ṣe wù yín. Tó bá jẹ́ sólà lórí ilẹ̀, ti Kasten àti Young yá jù, ìlà kan péré ni lórí kọ̀ǹpútà. Tí oòrùn yín ò bá sì kọjá 75 dígírì, 1/μ tó, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

E₃: fún ooru tó ń gba ibi gbogbo gòkè

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wá láti ojú kan. Ooru tí ilẹ̀ ń tú sókè ní alẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo igun ló ń gbà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, òmíràn lọ sókè tààrà, òmíràn lọ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo igun yẹn jọ pẹ̀lú exp(−τ/μ), íntígíràlì tó máa jáde ni E₃, ohun tó sì la ìpele kọjá jẹ́ 2E₃(τ). Kò sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn:

| τ | exp(−τ) | exp(−1.66τ) | 2E₃(τ) |
|---|---|---|---|
| 0.1 | 0.905 | 0.847 | 0.833 |
| 0.5 | 0.607 | 0.436 | 0.443 |
| 1 | 0.368 | 0.190 | 0.219 |
| 2 | 0.135 | 0.036 | 0.060 |

Òpó àkọ́kọ́ yẹn jìnnà sí òótọ́ pátápátá, torí ó rò pé gbogbo ooru ń lọ sókè ṣánṣán. Òpó àárín, ti 1.66, Elsasser ló mú un wá ní 1942, ọ̀pọ̀ kóòdù ojú ọjọ́ ṣì ń lò ó dòní torí pé ó yá, ẹ sì rí i pé ó ń ṣe dáadáa títí dé 0.5, àmọ́ tí τ bá dé 2 ó ti dín ohun tó kọjá kù ju bó ṣe yẹ lọ, 0.036 dípò 0.060. Tí ẹ bá ń ṣírò ìlà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí láàpútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ kú tí iná ò sì tíì dé, mo gbà kẹ́ ẹ lo 1.66. Tó bá jẹ́ ìpele kan tàbí méjì péré, ẹ lo E₃ fúnra rẹ̀, kò le rárá, ẹ wá E₁ nìkan, ẹ wá fi nE₍ₙ₊₁₎ = exp(−τ) − τEₙ gun òkè lọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún E₁ tí τ bá sún mọ́ 0, kò ní òpin níbẹ̀, nígbà tí E₂ jẹ́ 1 tí E₃ sì jẹ́ 0.5.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí òru ọyẹ́ fi ń tutù tó báyìí ní ìhà tiwa, E₃ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbẹ, omi tó wà nínú rẹ̀ ti dín kù gan-an, τ fún ooru ilẹ̀ wálẹ̀, 2E₃ gòkè, ooru wá rí ọ̀nà bọ́ sókè lọ.

H sí X àti Y: ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Subrahmanyan Chandrasekhar, ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí ní Lahore ní 1910, tó wá ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tó sì gba Nobel físíìsì ní 1983, òun ló fẹsẹ̀ àwọn fọ́ńṣọ̀n wọ̀nyí múlẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1950. Èrò tó wà lábẹ́ wọn ti ọ̀dọ̀ Ambartsumian wá, ní 1943: tí ìpele kan bá nípọn láìlópin, tẹ́ ẹ bá tún bù díẹ̀ kún orí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà kò gbọdọ̀ yí padà, torí àìlópin náà ló ṣì jẹ́. Mo fẹ́ràn èrò yìí gan-an, torí láti inú gbólóhùn kan yẹn ni gbogbo ìṣirò H ti jáde:

H(μ) = 1 + μ H(μ) ∫ Ψ(μ′) H(μ′) / (μ + μ′) dμ′, láti 0 dé 1.

Ψ ló gbé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń túká dání. Tó bá ń túká bákan náà sí gbogbo ìhà tí kò sì sí èyí tí afẹ́fẹ́ fà mu, Ψ kàn jẹ́ 1/2. Fún ìyẹn, H bẹ̀rẹ̀ láti 1 ní μ = 0, ó dé 1.2474 ní 0.1, 1.4503 ní 0.2, 1.6425 ní 0.3, 1.8293 ní 0.4, 2.0128 ní 0.5, 2.1941 ní 0.6, 2.3740 ní 0.7, 2.5527 ní 0.8, 2.7306 ní 0.9, ó parí sí 2.9078 ní 1. Ẹ mú kakulétọ̀, ẹ ro àwọn àárín pọ̀, ẹ fi ìdajì ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí kún un, ẹ wá sọ ọ́ di ìdá mẹ́wàá, ẹ máa rí 1.9988. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 2 gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kọ kóòdù H tí àpapọ̀ yín ò sún mọ́ 2 bẹ́ẹ̀ fún Ψ = 1/2, ẹ padà lọ wò ó kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Dídára H ni pé ó fún yín ní ìdáhùn ní ìlà kan. Ìmọ́lẹ̀ tó padà jáde lókè jẹ́ (F/4) × μ₀/(μ+μ₀) × H(μ) × H(μ₀); níbí, πF ni ìtànṣán oòrùn tó wọlé, μ₀ ni cosine igun oòrùn, μ sì ni ti igun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Tí oòrùn bá wà ní 60 dígírì, tí sátẹ́láìtì sì ń wo ilẹ̀ ṣánṣán, H méjèèjì máa jẹ́ 2.0128 àti 2.9078, wọ́n di 5.85 tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀. Ìtumọ̀ 5.85 yẹn nìyí: tí ìmọ́lẹ̀ tó túká ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kó tó jáde bá jẹ́ 1, àpapọ̀ gbogbo èyí tó túká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀ẹgbẹ̀rún, jẹ́ 5.85. Ẹni tó bá ṣírò ìtúká ẹ̀ẹ̀kan nìkan ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù. Èyí wúlò gan-an fún àwọsánmà Venus, fún Jupiter, fún ojú ìràwọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti ní rí ìsàlẹ̀ kankan.

Àmọ́ òfuurufú orí Kàbà ní ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àpáta Obangogo, oko iṣu, òrùlé páànù. Ohun tí H sọ fún ọ̀run tí kò fa ìmọ́lẹ̀ mu ni pé gbogbo ìmọ́lẹ̀ máa padà sókè, kò ní sí èyí tó máa dé ilẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká wá dán an wò lórí ohun tó nípọn jù tí a ní, àwọsánmà òjò ìparí oṣù kẹjọ, tí oòrùn ọ̀sán wà ní àárín orí wa gẹ́lẹ́, τ rẹ̀ 20. Exp máa sọ pé nǹkan bíi ìdá 2 nínú bílíọ̀nù kan ló dé ilẹ̀. H máa sọ pé òdo. Tí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú ìsàlẹ̀, bí ìdá 38 nínú 100 ló dé ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ìwé kà lábẹ́ òjò ọ̀sán. Exp àti H méjèèjì ni àwọn èèyàn máa ń pè ní «tó sún mọ́ òótọ́» fún àwọsánmà nínípọn, wọn ò sì sún mọ́ ọn rárá, torí omi inú àwọsánmà kì í fa ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí mu, ó kàn ń tì í kiri ni, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń lọ síwájú.

Ibẹ̀ ni X àti Y ti wọlé. Ìpele tó ní orí tó sì ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà fún. X ń bá ìmọ́lẹ̀ tó padà sókè ṣiṣẹ́, Y ń bá èyí tó là á já ṣiṣẹ́, àmọ́ wọ́n so mọ́ra wọn, ẹ ò lè ṣírò ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀:

X(μ) = 1 + μ ∫ Ψ(μ′) [X(μ)X(μ′) − Y(μ)Y(μ′)] / (μ + μ′) dμ′

Y(μ) = exp(−τ/μ) + μ ∫ Ψ(μ′) [Y(μ)X(μ′) − X(μ)Y(μ′)] / (μ − μ′) dμ′

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìdá tó wà nínú Y, μ − μ′. Tí méjèèjì bá dọ́gba, ó di 0, òkè náà di 0, kọ̀ǹpútà yín á sì kọ NaN («kì í ṣe nọ́ńbà») sójú ìwé. Ẹ ní láti tọ́jú ojú yẹn lọ́tọ̀, tàbí kẹ́ ẹ yan àwọn ojú μ àti μ′ tí kò ní pàdé. Ìyọnu kejì tún ṣe pàtàkì jù: tí kò bá sí fífà mu rárá, X àti Y kì í ní ìdáhùn kan ṣoṣo, ìdáhùn tó bá íkúéṣọ̀n mu pọ̀, Chandrasekhar fúnra rẹ̀ ló sì yan ọ̀kan tó pè ní ìdáhùn àjùmọ̀lò. Nítorí náà tí kóòdù yín bá ń mú nọ́ńbà tó yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn wá fún ω = 1 (ω ni ìdá ìmọ́lẹ̀ tó ń túká dípò kí afẹ́fẹ́ fà á mu, 1 túmọ̀ sí pé kò sí fífà mu), ó lè máà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣìṣe. Ẹ fi ω sí ibi tó dín sí 1 díẹ̀, ẹ wá wo ibi tó ń lọ.

Ní ti H, ìyọnu tiẹ̀ kéré. Tẹ́ ẹ bá fi H = 1 bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ ń tún un ṣe léraléra, ó máa ń lọ́ra gan-an nígbà tí ω bá sún mọ́ 1. Ẹ yí i sí ìdàkejì, 1/H(μ) = √(1 − 2∫Ψ) + ∫ μ′Ψ(μ′)H(μ′)/(μ+μ′) dμ′, á sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdájọ́ tèmi: ẹni tó ń ṣe pílánẹ́ẹ̀tì tàbí ìràwọ̀, kó mú H láìwo ẹ̀yìn. Ẹni tó ń ṣe ojú ọ̀run tó mọ́ lẹ́yìn òjò, tó fẹ́ ṣe ìmọ́lẹ̀ búlúù ọ̀run tàbí bó ṣe ń di pọ́láráìsì, kó mú X àti Y, ó tọ́ sí wàhálà náà, torí níbẹ̀ ni Chandrasekhar ti borí gbogbo ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ṣe eruku ọyẹ́ tàbí àwọsánmà fún sólà, kó má lo èyíkéyìí nínú wọn, torí eruku ń tú ìmọ́lẹ̀ síwájú ju ẹ̀yìn lọ, X àti Y á sì di púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Delta-Eddington, ọ̀nà ìṣirò kúkúrú tí Joseph, Wiscombe àti Weinman gbé jáde ní 1976, ni kó lò, ìyẹn ni mo fi rí 75 àti 38 tẹ́ ẹ rí lókè yẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí gbogbo igun péye, kóòdù DISORT wà, ọ̀fẹ́ ni, láti 1988 ni wọ́n ti gbé e síta.

Báwo lẹ ṣe máa sọ pé ó ń túká: Rayleigh, Henyey-Greenstein, Mie

Rayleigh ni 3/4 × (1 + cos²Θ), fún mólíkù afẹ́fẹ́ nìkan; Θ ni igun tí ìmọ́lẹ̀ fi yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Síwájú àti sẹ́yìn dọ́gba. Ó sì ń tú búlúù ká ju pupa lọ gan-an, tẹ́ ẹ bá fi 450 nm wé 700 nm, ìlọ́po 5.9 ni. Ọ̀run Ìsánlú lẹ́yìn òjò ńlá, Rayleigh nìyẹn. Ọ̀run ọyẹ́ tó funfun, kì í ṣe Rayleigh, torí eruku tóbi ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, gbogbo àwọ̀ ló ń tú ká bákan náà.

Fún eruku, Henyey àti Greenstein ṣe fọ́múlà kan ní 1941 tí nọ́ńbà kan ṣoṣo ń darí, g, tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lọ síwájú tó. Tí g bá jẹ́ 0.7, tó wọ́pọ̀ fún eruku, ohun tó lọ síwájú gan-an jẹ́ 18.9, èyí tó padà sẹ́yìn gan-an jẹ́ 0.10. Tí g bá jẹ́ 0.85, ti àwọsánmà, ó di 82 síwájú àti 0.04 sẹ́yìn. Ìdí tí gbogbo ayé fi ń lò ó ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká a sí Legendre, nọ́ńbà tó kàn kàn jẹ́ g, g², g³, bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò ní ṣe íntígíràlì kankan. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò mọ òṣùmàrè, kò mọ ìmọ́lẹ̀ tó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn àwọsánmà, ó kéré jù ní ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń lo lídà, ẹ̀rọ tó ń ta lésà sínú afẹ́fẹ́ tó sì ń wo ohun tó padà sẹ́yìn gan-an kò gbọdọ̀ lò ó.

Mie, ti 1908, máa ń péye fún ohun tó bá rí roboto, bí ẹ̀kán omi inú àwọsánmà. Àmọ́ eruku tó ń ti Sàhárà wá ò rí roboto, ó ní etí, ó ní igun. Mo rí àwọn tó fi Mie ṣe eruku ọyẹ́ torí pé Mie «péye ju» Henyey-Greenstein lọ. Péye fún kí ni? Fún ìmọ́lẹ̀ àpapọ̀ tó dé ilẹ̀, Henyey-Greenstein tó ní g tó tọ́ máa ṣe é. Fún ojú igun kọ̀ọ̀kan, Mie ò ní gbà yín là níbẹ̀, ẹ ní láti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣírò ohun tó rí gígùn bí ẹyin, bí AERONET ṣe ń ṣe.

Voigt, kíá

Gáàsì kì í fa gbogbo àwọ̀ mu, ìlà tóóró tóóró ni. Nísàlẹ̀ níbí, afẹ́fẹ́ pọ̀, mólíkù ń kọlu ara wọn, ìlà yẹn fẹ̀, Lorentz ni ìrísí rẹ̀. Lókè réré, mólíkù ń sáré, Doppler ni. Fún CO₂ ní bíi 667 cm⁻¹, ìdajì fífẹ̀ Lorentz nílẹ̀ jẹ́ bíi 0.07 cm⁻¹, ti Doppler sì jẹ́ bíi 0.0007, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á dọ́gba níbi tí afẹ́fẹ́ ti wálẹ̀ sí bíi 10 hPa, ní bíi 30 km. Tí iṣẹ́ yín ò bá kọjá ibi tí òjò ti ń rọ̀, Lorentz tó. Tó bá kọjá 20 km lọ, Voigt ni, ó ti wà láti 1912, ó sì kó méjèèjì pọ̀. Ẹ má gbìyànjú láti ṣe íntígíràlì rẹ̀ fúnra yín, fọ́ńṣọ̀n wofz wà nínú scipy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò ti Python, apá gidi rẹ̀ (èyí tí kò ní i = √−1 nínú) lẹ máa mú, tàbí ẹ pe voigt_profile tààrà. expn náà wà níbẹ̀ fún E₃.

Kẹ́ ẹ tó gbé nọ́ńbà fún sùpáfáísọ̀

H, X àti Y ò sí nínú scipy, ẹ̀yin lẹ máa kọ wọ́n, nítorí náà ẹ dán wọn wò ní ojú tí ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Ẹ fi τ sí 0.001, X gbọ́dọ̀ di nǹkan bí 1, Y gbọ́dọ̀ di exp(−τ/μ). Ẹ wá fi ω sí 0.9, kẹ́ ẹ gbé τ lọ sí 50, X gbọ́dọ̀ bá H mu títí dé nọ́ńbà kẹrin, kí Y sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Ẹ má fi ω = 1 ṣe èyí, torí níbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ò fẹ́ tán, Y á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ lè rò pé kóòdù ti bàjẹ́. Ẹ gbé μ lọ sí 0, gbogbo H àti X gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, láìka ω sí. Tí ọ̀kan bá kọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú μ yín ló kéré jù, pàápàá nítòsí 0 níbi tí H ti ń gòkè kíákíá, ẹ fi ọ̀nà Gauss yan àwọn ojú μ dípò kẹ́ ẹ pín in dọ́gbadọ́gba, kẹ́ ẹ sì tún un dán wò.